Ẹ̀gbà ọrùn ni mò ń ṣe, àwọn oníbàárà ń béèrè ohun ọ̀ṣọ́ ilé: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́ Oníwáyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Wáyà bàbà àti wáyà idẹ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ dígí àti òkúta oríṣiríṣi. Yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka, gbogbo wọn ló ń jáde lọ́wọ́ mi. Ohun tó gbé mi wá ni pé àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi ti ń béèrè ohun tí wọ́n lè gbé sínú yàrá. Ọ̀kan fẹ́ ọ̀pá àbẹ́là, èkejì fẹ́ férémù dígí ìwojú, ẹlòmíràn ní kí n bá òun ṣe kọ́tìnnì onílẹ̀kẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn sí i, torí ẹni tó ti ní yẹtí púpọ̀ lè má rà mọ́, ṣùgbọ́n ilé ní igun púpọ̀ tí èèyàn ń fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Mo ti gbìyànjú ọ̀pá àbẹ́là kan pẹ̀lú wáyà 0.8 mm tí mo máa ń fi ṣe yẹtí. Ó rẹwà lójú, àmọ́ bí àbẹ́là bá ti dé orí rẹ̀, ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun èlò mi kò ju ẹ̀mú kéékèèké, òòlù kan, fáìlì àti iná ìjórin kékeré tó ń lo gáàsì. Irú iṣẹ́ wo ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan ni kí n ra ohun èlò tuntun? Báwo ni mo ṣe máa dá owó lé e? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́, o kú ìforítì. Àwòrán tó wà lọ́kàn rẹ kò ní àbùkù, wáyà yẹn ló tín-ínrín jù fún ẹrù tí o gbé lé e. Tí ìbú wáyà bá di ìlọ́po 2, agbára tí kì í jẹ́ kó tẹ̀ máa di ìlọ́po 16, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ìlọ́po 4 lọ. Tí ẹsẹ̀ tó dá dúró bá sì gùn ní ìlọ́po 2, yóò tẹ̀ ní ìlọ́po 8 lábẹ́ ẹrù kan náà. Ẹni tó ń ṣe yẹtí kì í sábà rí èyí, torí yẹtí kì í gbé nǹkan kan ju ara rẹ̀ lọ. Ohun ọ̀ṣọ́ ilé ń gbé ẹrù, èèyàn ń fà á, èèyàn ń nù ún, ọmọdé ń gbá a.

Nítorí náà, fi wáyà 2 mm tàbí 3 mm ṣe egungun iṣẹ́ náà, kí o wá fi 0.8 mm tó ti mọ́ ọ lọ́wọ́ wé e, kí o sì fi kó ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Ẹ̀mú kékeré kò ní lè tẹ 3 mm, o máa nílò ẹ̀mú ńlá kan àti ọ̀pá irin roboto tí o lè ká a mọ́. Lẹ́yìn tí o bá ti tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ọ́, gbé e lé irin pẹlẹbẹ kí o lù ú jẹ́jẹ́ yíká. Bàbà àti idẹ tí a bá lù máa ń le sí i. Tí ó bá le jù kí o tó parí, fi iná sí i nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ jù títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, jẹ́ kó tutù, yóò tún rọ̀ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ iná ìjórin yẹn ńkọ́? Má gbẹ́kẹ̀ lé e fún iṣẹ́ ńlá. Nínú gbogbo irin tí a mọ̀, fàdákà nìkan ló ń gbé ooru kọjá ju bàbà lọ. Bí o ṣe ń dáná sí ojú ibi kan, gbogbo ara iṣẹ́ náà ló ń fa ooru náà lọ, àlẹ̀mọ́ rẹ, ìyẹn irin tí a ń yọ́ láti fi jó irin pọ̀, kò sì ní yọ́. Ìwọ̀n iná tó jó òrùka pọ̀ kò lè jó ọ̀pá àbẹ́là pọ̀. Kàkà kí o ra iná ńlá lónìí, kọ́ bí a ṣe ń kan irin mọ́ irin láìfi iná sí i: lu ihò tó bá wáyà mu rẹ́gí, ti wáyà kúkúrú bọ̀ ọ́, jẹ́ kó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní nǹkan bí ìdajì ìbú rẹ̀, kí o wá lu orí méjèèjì títí wọn yóò fi fẹ̀. Kò ní tú láé.

Tèmi Ọ̀ṣọ́

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ní tèmi o, ẹ fi wáyà sílẹ̀ tó bá jẹ́ ti ọ̀pá àbẹ́là. Résìnì, ohun olómi tó máa ń le bí ike, ni kí ẹ dà. Ẹ ra àwo sílíkóònù tí a ń da nǹkan sí, ẹ da résìnì sí i pẹ̀lú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ṣẹ́kù nílẹ̀, kí ẹ dá ihò sí àárín fún àbẹ́là. Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ó ń dán, kò tẹ̀, àwọn èèyàn sì ń rà á dáadáa.

Ìyá Bọ̀lá

Tèmi ọmọ mi, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èyí kò gbọdọ̀ kọjá láìdáhùn. Résìnì àti iná kì í bára gbé. Ọ̀pọ̀ résìnì tí a ń dà fún ohun ọ̀ṣọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní nǹkan bí 50 sí 60°C, bẹ́ẹ̀ agolo àbẹ́là pẹlẹbẹ máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ìda inú rẹ̀ bá ti yọ́ tán. Tí ọwọ́ iná gan-an bá sì kan résìnì, yóò jó. Oníbàárà kan gbé irú rẹ̀ tó rà níbòmíràn wá pé kí n bá òun tún un ṣe: ihò àárín ti fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti rì, agolo àbẹ́là sì ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ pinpin. Àtúnṣe kankan kò sí fún un.

Ẹ lo résìnì fún ohun tí kì í rí iná: tíréè, ìdìmú dúrọ́ọ̀, ẹsẹ̀ férémù. Ohun tí a ń gbé ife lé pàápàá, ife gbígbóná ń fi àpá sí i. Ẹ má sì gbé e sí ojú oòrùn, torí ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, èyí tí wọ́n pè ní aláìpọ́n náà kàn ń fà á pẹ́ ni.

Tèmi Ọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé mà. Àwọn tí mò ń ṣe ní kọ́ọ̀bù dígí nínú, agolo àbẹ́là kì í kan résìnì rárá. Kò tíì sí ẹni tó pè mí láti ṣàròyé.

Ìyá Bọ̀lá

Dígí ń dín ooru kù, kò dá a dúró. Àbẹ́là tí ẹnì kan fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tí ó tún to mẹ́ta irú rẹ̀ pọ̀ lójú kan, ooru rẹ̀ kì í ṣe ti èyí tí o fi dán an wò. Ohun tí mo lè gbà pẹ̀lú rẹ ni pé kí o máa tà á pẹ̀lú àbẹ́là oníbátìrì, kí o sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ gbangba pé a kò gbọdọ̀ tan iná gidi sínú rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ kò ní dín kù, oorun tìrẹ náà yóò sì dùn.

Fún Àdùkẹ́: agolo àbẹ́là pẹlẹbẹ sábà ń fẹ̀ tó 38 mm, nítorí náà ṣe ojú rẹ̀ ní 40 mm sí 42 mm kó lè wọlé kó sì jáde láìjà. Jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ dáadáa. Gbé e lé pákó, tan àbẹ́là sí i, kí o gbé ẹ̀gbẹ́ kan pákó náà sókè díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá ṣubú nígbà tí pákó kò tíì dagun púpọ̀, má tà á. Má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ìlẹ̀kẹ̀ kankan mọ́ ibi tí ooru iná ń gbà kọjá. Wáyà ni kó dì í mú.

Káyọ̀dé Onídìmú

Ẹ jẹ́ kí a kúrò nídìí iná ná. Ẹ̀gbọ́n, ìdìmú dúrọ́ọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju òrùka ńlá tàbí ohun tí a ń so mọ́ ẹ̀gbà ọrùn lọ, ẹ̀mú tí ẹ ní tó o, fáìlì tí ẹ ní tó o. Òkúta tí ẹ máa ń fi sí ojú òrùka náà ni ẹ máa fi sí ojú rẹ̀. Síkúrù M4, ìyẹn èyí tó fẹ̀ ní 4 mm, ló wọ́pọ̀ jù nínú ìdìmú dúrọ́ọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fín ojú síkúrù sínú idẹ fúnra yín, ihò 3.3 mm ni kí ẹ lu kí ẹ tó fín in. Pákó iwájú dúrọ́ọ̀ sábà nípọn tó 16 mm sí 18 mm, nítorí náà síkúrù tó gùn ní 25 mm máa ń tó. Ìyẹn nìkan ni ohun tuntun tí ẹ máa kọ́.

Àǹfààní mìíràn ni pé ó rọrùn láti fi ránṣẹ́. Àpótí yẹtí náà lè gbà á.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Káyọ̀dé sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó fo ohun méjì. Àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó ń ra ìdìmú kan. 6, 8, 12 ni wọ́n ń rà, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọra. Oníyẹtí mọ bí a ṣe ń ṣe méjì kí wọ́n bára mu, ṣùgbọ́n méjìlá tí wọ́n tò sójú kan yóò fi gbogbo ìyàtọ̀ hàn. Kí o tó gba iṣẹ́ náà, kan ìṣó mọ́ pákó ní ìrísí tí o fẹ́, kí o máa tẹ gbogbo wáyà yíká ìṣó kan náà. Gé gbogbo wáyà tán kí o tó tẹ ọ̀kan, tẹ gbogbo rẹ̀ tán kí o tó wé ọ̀kan. Èkejì, ìdìmú ni ohun tí ọwọ́ ń fà lójoojúmọ́. Òkúta tí gọ́ọ̀mù nìkan dì mú yóò jábọ́. Irin gbọ́dọ̀ yí etí òkúta náà ká kí ó sì tẹ̀ lé e lórí. Orí wáyà kankan kò sì gbọdọ̀ yọ síta, torí yóò máa fa aṣọ ya, yóò máa ha ọwọ́.

Káyọ̀dé Onídìmú

Mo gba ti ìṣó lórí pákó, bàbá, ọ̀nà tó dára ni. Ti jíjọra ni mi ò gbà tán. Àwọn kan fẹ́ kí ìdìmú kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀, àwọ̀ tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí gíga àti ìbú bá ti dọ́gba. Èmi máa ń béèrè ṣáájú, kí n tó gé wáyà kankan.

Àjọkẹ́ Akùn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì onílẹ̀kẹ̀, òun sì ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kó o kalẹ̀ dáadáa.

Àdùkẹ́ àbúrò mi, má gba iṣẹ́ yẹn kí o tó ṣírò. Jẹ́ ká ní ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ ní 90 cm, ó sì ga ní mítà 2. Tí okùn kọ̀ọ̀kan bá jìnnà sí èkejì ní 2 cm, okùn 45 nìyẹn, mítà 90 ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Tí o bá lo ìlẹ̀kẹ̀ dígí 8 mm láti òkè dé ilẹ̀, 125 ló ń wọ mítà kan, nítorí náà wàá nílò 11,250 ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n tó nǹkan bí ìdajì gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ yóò tó kìlò 6 sí 7. Ẹni tó bá rí iye owó ìlẹ̀kẹ̀ yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí dúnàá dúrà pẹ̀lú rẹ bí ẹni pé ẹ̀gbà ọrùn ló fẹ́ rà, ìwọ yóò sì ti gba owó tí kò ní tó ra ìlẹ̀kẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan, kókó kan tó dì í mú, kí okùn nìkan wá gùn díẹ̀, kí ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn tó dé. Tàbí kí n lo ègé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lu ihò sí láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá, ó sì fúyẹ́. Fún ojú fèrèsé, mo máa ń dábàá ìlẹ̀kẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ ní 30 cm péré lókè, èyí tó kù di aṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ẹwà rẹ̀ sì wà ní ibi tí ojú kọ́kọ́ ń wò.

Okùn ńkọ́? Ọ̀rá tín-ínrín tí a fi ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kò dára níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Nylon máa ń gbó lójú oòrùn, yóò kọ́kọ́ fà, lẹ́yìn náà yóò já. Polyester ń fara da oòrùn jù ú lọ. Fún ìlẹ̀kẹ̀ tó wúwo, wáyà irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n fi òwú irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́ pọ̀, ni mo fọkàn tán. Ihò ìlẹ̀kẹ̀ dígí sì lè mú bí abẹ, ó máa ń gé òwú díẹ̀díẹ̀ bí kọ́tìnnì ṣe ń mì. Ẹ máa fi ọwọ́ wo ihò náà kí ẹ tó sin ín.

Ìyá Bọ̀lá

Àjọkẹ́, o ṣeun. Ìdè kọ́tìnnì ni mo rò pé Àdùkẹ́ yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn ni ìdè kọ́tìnnì jẹ́ fún aṣọ! Ìlẹ̀kẹ̀ tó tóbi, wáyà tó nípọn, òrùka kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti fi kọ́ ọ mọ́ ògiri. Méjì péré ni oníbàárà ń rà fún fèrèsé kan. Kó má sáà wọ̀n ọrùn èèyàn, kọ́tìnnì ni kó wọ̀n: kó ká okùn mọ́ ọn bí yóò ṣe rọ̀ gan-an, torí aṣọ tó nípọn ń gba okùn tó gùn ju ti aṣọ fẹ́lẹ́ lọ.

Ọmọ Onídígí

Mo fẹ́ fi ti férémù dígí kún un. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ máa ń ronú sí ẹwà etí rẹ̀, wọn kì í ronú sí ìwọ̀n dígí. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: dígí tó nípọn ní 1 mm, tó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú lóròó, ń wọ̀n kìlò 2.5. Nítorí náà dígí 4 mm jẹ́ kìlò 10 fún ìwọ̀n kan náà. Èyí tó jẹ́ 30 cm sí 40 cm yóò wọ̀n kìlò 1.2, kí a tó ka férémù àti ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi wáyà ọ̀ṣọ́ kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí pákó tàbí irin gbé dígí náà láti ẹ̀yìn, kí òrùka ìkọ́ méjì wà lára pákó yẹn, kí iṣẹ́ wáyà yín sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí kò ru ẹrù kankan.

Tí ẹ bá fẹ́ lẹ dígí mọ́ pákó, sílíkóònù tó ń rùn bí fínígà máa ń jẹ ẹ̀yìn dígí, dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lójú rẹ̀. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ní ó dára fún dígí ìwojú. Etí dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti lọ̀ kí ó má mú mọ́, bóyá férémù bò ó tàbí kò bò ó.

Tèmi Ọ̀ṣọ́

Mo fẹ́ béèrè: kí ni ẹ máa ń fi pa idẹ tí kì í fi í ṣú? Èmi máa ń fín fáníìṣì sí gbogbo iṣẹ́ mi.

Káyọ̀dé Onídìmú

Fáníìṣì kò dára fún ohun tí ọwọ́ ń dì mú. Ìka ọwọ́ á pa á rẹ́ níbi kan, ibẹ̀ á ṣú, èyí tó kù á máa dán. Ojú rẹ̀ á wá rí bákan. Mo máa ń fi idẹ sílẹ̀ lásán, ọwọ́ àwọn ará ilé ni yóò máa mú un dán.

Ìyá Bọ̀lá

Fún ìdìmú, mo gbà. Ṣùgbọ́n férémù àti ọ̀pá tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, fáníìṣì dára sí wọn, tí a bá ti fi ásítóònù nu gbogbo òróró ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ ṣáájú tí a kò sì tún fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ fáníìṣì, kó fi ìda pa á, kó máa tún un pa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìda rọrùn láti tún ṣe, fáníìṣì tó ti bó kò rọrùn. Ìdí ohun tí a ń gbé lé tábìlì ni ẹ má gbàgbé: bàbà àti idẹ ń fi àwọ̀ ewé sára pákó àti aṣọ tábìlì tí omi bá kàn wọ́n. Ẹ lẹ aṣọ tó nípọn mọ́ ìdí rẹ̀.

Abọ́ bàbà tí ẹ bá ṣe fún ọ̀ṣọ́, ẹ sọ fún oníbàárà pé kì í ṣe fún oúnjẹ. Oúnjẹ kíkan tàbí èyí tó ní omi ọsàn máa ń jẹ bàbà wọ inú oúnjẹ.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Kí n fi èyí lé e kí ẹ tó dáná sí idẹ. Zinc wà nínú idẹ pẹ̀lú bàbà. Tí iná bá pọ̀ jù lórí idẹ, zinc náà á di èéfín funfun, ẹni tó bá fà á sínú á máa gbọ̀n, ara rẹ̀ á gbóná. Irin tí wọ́n fi zinc bò kí ó má baà dípẹtà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi iṣẹ́. Ẹ yẹra pátápátá fún àlẹ̀mọ́ ìjórin tó ní cadmium, irin tí èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé.

Awòye

Ẹ kú àṣeyọrí. Mo fẹ́ sọ fún Àdùkẹ́ pé ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun, àwọn kan ti rìn ín. Ohun ọ̀ṣọ́ ara ni René Lalique fi gbajúmọ̀ ní Paris, pàápàá ní Ìfihàn Àgbáyé ọdún 1900, kó tó di pé ó gbájú mọ́ dígí: ìgò òórùn dídùn, ìkòkò òdòdó, àtùpà. Georg Jensen kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù fàdákà tirẹ̀ ní Copenhagen ní 1904. Ohun ọ̀ṣọ́ ara ló kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀, abọ́, ìkòkò àti ṣíbí tẹ̀ lé e. Line Vautrin, obìnrin ará Faransé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì àti ohun ọ̀ṣọ́ ara tí a fi bronze ṣe, di ẹni tí àwọn èèyàn ń wá àpótí kékeré àti dígí ògiri rẹ̀ kiri. Ohun tí mo rí lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé ẹni tó bá mọ ohun ọ̀ṣọ́ ara wọn yóò dá ohun ilé wọn mọ̀ láìbéèrè. Kòkòrò, ewé àti òdòdó tó wà lára ẹ̀gbà Lalique wà lára ìkòkò rẹ̀. Àdùkẹ́, kí ni ọwọ́ rẹ tí a fi ń dá yẹtí rẹ mọ̀? Òun ni kí o gbé lọ sára ìdè kọ́tìnnì àti ìdìmú.

Káyọ̀dé Onídìmú

Òótọ́ ni, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé Lalique jókòó ń gbẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Inú àwo tó ń fún dígí ní ìrísí ni wọ́n ti ń fẹ́ dígí rẹ̀ tí wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́, ní ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́. Yẹtí tó dá wà lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, ohun ilé ń béèrè pé kí o lè tún un ṣe.

Awòye

Mo gbà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ jíjìnnà kún un. Yẹtí, ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ló ń wò ó, kò jìnnà sí ọ ju apá kan lọ. Férémù dígí, láti òdìkejì yàrá ni wọ́n ti ń wò ó. Wíwé wáyà tó kéré tí o fi wákàtí méjì ṣe kò ní hàn láti ibẹ̀. Gbé iṣẹ́ náà kọ́ ògiri, sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, kí o wo ohun tó kù tí ojú ń rí. Ìyẹn ni kí o fi ọwọ́ sí. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ rẹ, fi í sí ibi tí ọwọ́ ń dé.

Tèmi Ọ̀ṣọ́

Ní ti owó, èmi máa ń fi 3 lọ́po owó ohun èlò. Kò gba ìrònú.

Rónkẹ́ Aṣírò

Àbúrò mi Tèmi, ìṣirò yẹn lè bá yẹtí lọ, nítorí ohun èlò àti wákàtí ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nínú ohun ilé ó ń ṣini lọ́nà lápá méjèèjì. Férémù tí dígí rẹ̀ gbówó lórí tí o kò sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí, tí o bá fi 3 lọ́po rẹ̀, yóò wọ́n láìnídìí. Ìdè kọ́tìnnì tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n, tí o sì jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́, 3 kò ní san ìdajì wákàtí rẹ̀. Kọ owó ohun èlò sílẹ̀ lọ́tọ̀. Kọ wákàtí rẹ sílẹ̀, mú iye kan fún wákàtí kan, kí o má yí i padà nítorí ojú ẹnì kan. Fi owó gáàsì, irin tí o gé dànù àti ìpamọ́ ọjà kún un. Lẹ́yìn náà ni kí èrè wá wọlé.

Ohun tó máa ń já àwọn oníyẹtí kulẹ̀ jù ni owó ìfiránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹrù kì í wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo àyè tí àpótí gbà: gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ lọ́po wọn, kí ẹ fi 5,000 pín in. Àpótí 30 cm lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di kìlò 5.4, bí ohun inú rẹ̀ kò tiẹ̀ ju ìdajì kìlò lọ. Wọ́n á sì gba èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń yàwòrán iṣẹ́ náà lọ́kàn, ronú bóyá ó lè tú sí ọ̀nà méjì kó sì dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Nínú fọ́tò rẹ, gbé ọwọ́ èèyàn tàbí ife sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o kọ ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́. Oníbàárà tó rò pé férémù náà tóbi ju bó ṣe wà lọ yóò dá a padà.

Àdùkẹ́ Oníwáyà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará mi. Mo ti pinnu. Ìdè kọ́tìnnì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, ìdìmú dúrọ́ọ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìrísí ewé wáyà kan náà tí mo ń fi sára yẹtí. Màá sọ fún oníkọ́tìnnì pé ti 30 cm ni mo lè ṣe fún un báyìí, màá sì fi ìṣirò ẹ̀gbọ́n Àjọkẹ́ hàn án. Ọ̀pá àbẹ́là yóò dúró di ìgbà tí mo bá ra wáyà 3 mm.

Ó ku ìbéèrè kan. Amethyst àti rose quartz ni òkúta tí mo ní nílẹ̀ jù. Ṣé wọ́n dára fún ìdè kọ́tìnnì tó wà lójú fèrèsé?

Àjọkẹ́ Akùn

Rárá o. Oòrùn ń ṣá amethyst, rose quartz náà lè ṣá. Ní ọrùn èèyàn, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń rí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé jẹ́ ojoojúmọ́. Òkúta tí wọ́n fi aró pa láwọ̀ tún burú jù wọ́n lọ. Lo ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí àwọ̀ rẹ̀ wà nínú dígí gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n kun ní ìta tàbí tí wọ́n kun nínú ihò. Tí kò bá dá ọ lójú, bo ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ kan pẹ̀lú bébà dúdú, gbé e sójú fèrèsé fún oṣù kan, kí o ṣí i kí o fi ìdajì wé ìdajì. Fi amethyst rẹ sára ìdìmú dúrọ́ọ̀ inú yàrá, oòrùn kì í dé ibẹ̀.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Kí o tó lu ihò 3.3 mm yẹn, fi ìṣó tó mú samisi ojú ibẹ̀ kí ẹnu dírílì má baà yọ̀, kí o sì di idẹ náà mọ́ nǹkan tó le. Má fọwọ́ dì í mú rárá, torí idẹ máa ń gbé ẹnu dírílì mì lójijì tí ó bá fẹ́ là á já. Tí àkọ́kọ́ bá ti jáde, gbé fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ síbí, kì í ṣe ti iwájú nìkan. Ẹ̀yìn ni mo ti máa rí bóyá yóò pẹ́.